Kí ni iṣẹ́ TTL àti M lórí fíláàṣì, àti white balance lórí kámẹ́rà, kí ló sì dé tí ògiri fi ń pọ́n nínú fọ́tò?

TTL ni pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń wọn iná. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì, fíláàṣì á kọ́kọ́ kọ mànà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú kì í sábà rí. Kámẹ́rà á wo èyí tó gba inú lẹ́ńsì wọlé, á ṣírò iye tó yẹ, kí fíláàṣì tó wá tàn gidi. Àwọ̀ ló máa ń tàn án jẹ: bí aṣọ funfun bá gba gbogbo àwòrán, á rò pé iná ti pọ̀ jù, fọ́tò á sì ṣókùnkùn. Ẹ fi +1 kún agbára fíláàṣì. Tó bá jẹ́ aṣọ dúdú, ẹ dín in kù.

M ni pé ẹ̀yin lẹ ń yan agbára: 1/1 ni gbogbo rẹ̀, 1/2 ni ìdajì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

White balance ló ń sọ irú àwọ̀ tí iná ní fún kámẹ́rà. K (Kelvin) ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná: bó bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń pọ́n tó. Fíláàṣì wà ní nǹkan bíi 5500K, bíi ti oòrùn ọ̀sán. Gílóòbù onípupa rúsúrúsú kì í sábà ju 3000K lọ. Fíláàṣì ló ń tàn sí ojú èèyàn, gílóòbù ló ń tàn sí ògiri. Ìdí nìyẹn tí ojú èèyàn fi ń dáa, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á sì pọ́n. White balance nìkan kò lè tún méjèèjì ṣe pọ̀. Ẹ fi rọ́bà fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ọsàn bo ojú fíláàṣì kí iná rẹ̀ lè jọ ti gílóòbù, kí ẹ wá yan àmì gílóòbù nínú white balance. Èmi ò fẹ́ràn Auto níbẹ̀, torí àwọ̀ lè yí padà láti fọ́tò kan sí èkejì.