Ṣé èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó gbé òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sínú ọgbà rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ẹnjiníà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Orí òkè ni ilé mi wà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, pùlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ọmọ mi tó wà n'Ílùú Ọba fẹ́ fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti mú iná wá ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n gbé e ka orí òpó irin mítà 15, pé kékeré bẹ́ẹ̀ kò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni l'Ékìtì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o, Bàbá. Òfin ibòmíràn ni ọmọ yín ń kà fún yín, kò sì kà á tán. Ní England, ẹ̀rọ tó bá dá dúró lórí ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ìwé àṣẹ bí òkè rẹ̀ pátápátá, tòun ti abẹ́ (apá tí afẹ́fẹ́ ń yí), kò bá ju mítà 11.1 lọ, tí àyè tó wà láàárín òun àti ààlà ilẹ̀ sì ju gíga rẹ̀ lọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Májẹ̀mu mìíràn ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Mítà 15 kò wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún gan-an.

Níbí, òfin ètò ìlú ka gbogbo iṣẹ́ ẹnjiníà tí a bá ṣe sórí ilẹ̀, sínú rẹ̀ tàbí sókè rẹ̀ mọ́ ohun tó ń gba ìwé àṣẹ. Òpó tó dúró lórí kọnkéré wà nínú rẹ̀. Ẹ gbà á o. Mo mọ ẹnì kan n'Ádó tó kọ́kọ́ gbé òpó tánkì omi ró ná. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ̀wé sára fẹ́ńsì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìwé fúnra rẹ̀ kò le: àwòrán ilẹ̀ láti ọwọ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tiyín, ìwé owó orí, àti àwòrán òpó àti ìpìlẹ̀ tí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, bu ọwọ́ lù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìbéèrè kan ṣoṣo: bó bá ṣubú, ibo ló ń ṣubú sí?

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà 60 jẹ́ bíi mítà 18. Bí ẹ bá tiẹ̀ gbé e sí àárín gbùngbùn, mítà mẹ́sàn-án péré ló kù kí ó tó kan aládùúgbò lọ́tùn-ún àti lósì, òpó àti abẹ́ sì ń lọ sí bíi 16. Òru ọjọ́ tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá jà, yàrá onílé kejì ni yóò sùn sí. Bí ẹ bá ní wáyà irin ni ẹ ó fi dè é, ìdákọ̀ró wáyà náà sábà máa ń jìnnà sí òpó tó ìdajì gíga rẹ̀, ó kéré tán. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fẹ́ńsì. Ọ̀nà àbáyọ ni kí òpó kúrú, tàbí kí ẹ lọ sí ilẹ̀ oko.

Bí wọ́n bá sì fọwọ́ sí i, ẹ gbẹ́ kòtò wò ná kí ẹnjiníà tó ya ìpìlẹ̀. Àpáta kì í jìnnà sílẹ̀ l'Ẹ́fọ̀n. Ó dára fún òpó, kò dára fún wáyà tó ń gbé àrá wọlẹ̀, nítorí àpáta kì í gba iná dáadáa. Kọnkéré náà máa ń fẹ́ ọjọ́ 28 kó tó gbó.

Iná tí ẹ bá ń mú wá fún ilé ara yín lórí ìwọ̀n kékeré yìí kò gba àṣẹ amúnáwá. Ẹ ṣáà má so ó mọ́ wáyà BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, kí ó má lọ pa ẹni tó ń tún ìlà ṣe.

Ní tèmi, màá kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tí abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2, bí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ní mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí ẹ ó rí nínú rẹ̀ kò ju wáàtì 15 lọ: gílóòbù kan. Bí ìyára náà bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá gíga. Orí òkè yín lè ní i o, ṣùgbọ́n ọyẹ́ nìkan kọ́ ni ká fi wọ̀n ọ́n. Ẹ so ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára afẹ́fẹ́ mọ́ ọ̀pá gíga fún oṣù mẹ́fà, kí òjò àti ọyẹ́ lè kọjá lára rẹ̀. Kí ọmọ yín má tíì sanwó.