Kí ni ìtumọ̀ irun dídì lórí eégún àwọn obìnrin Mende?

Ẹnìkan béèrè bóyá òótọ́ ni pé ibì kan wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí obìnrin ti ń gbé eégún, àti ìdí tí irun orí eégún náà fi máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni. Láàrin àwọn Mende ní Siẹrra Léònè, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, àti láàrin àwọn Vai àti Gola ní Làìbéríà, ẹgbẹ́ awo obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Sande, tí ó ń mú ọmọbìnrin kúrò ní èwe di àgbà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí gan-an, ọkùnrin ni ó ń gbé e jó. Bí obìnrin bá sì mawo, kò gbọdọ̀ wí. Ní Sande, ọkùnrin a gbẹ́ ère, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ń gbé e wọ̀ tí ó sì ń fi í jó lójú agbo.

Sowei ni orúkọ ère náà, oyè àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ náà sì ni pẹ̀lú. Dúdú ni, ó ń dán, ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ pa mọ́, ọrùn rẹ̀ sì ká ní ìpele-ìpele bí omi odò tí ń fẹ̀ nígbà tí nǹkan bá yọ láti ìsàlẹ̀, nítorí inú omi ni wọ́n gbà pé ẹ̀mí náà ti wá. Ìko tí a pa láró dúdú ni ó bo ara ẹni tí ó gbé e.

Ní ti irun, ẹ wò ó dáadáa: ilà wẹ́wẹ́ tò tẹ̀lé ara wọn bí ipa òòyà, kí wọ́n tó ga sókè bí ìgbà tí a di ṣùkú. Irun tí ó pọ̀ dà bí ohun ọ̀gbìn tí ó hù dáadáa lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ìlera ni, ọmọ bíbí ni. Ṣùgbọ́n pípọ̀ nìkan kò tó. Irun tí a tú sílẹ̀ játijàti lójú Mende, ti wèrè ni, tàbí ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí opó ṣe ń tú irun ní ọ̀dọ̀ wa. Kódà Sande ní eégún ẹlẹ́fẹ̀ kan, gonde, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ di òbùrẹ́wà kí ẹ̀wà sowei lè hàn.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: irú irun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé di fún ara ẹni. Obìnrin Mende tí ó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn ṣọ̀rẹ́ lè ní kí ó jẹ́ kí òun di irun fún un. Orí tí irun rẹ̀ gún régé báyìí, orí tí ó ní obìnrin lẹ́yìn ni, ìdí nìyí tí ó fi yẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin.

N kò fẹ́ fi ẹ̀wà bo òótọ́ mọ́lẹ̀: abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin wà nínú ètò wíwọ ẹgbẹ́ Sande, àwọn obìnrin Sàró fúnra wọn sì ń jiyàn lé e lórí gidigidi títí di òní.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin náà bá ń ti inú igbó Sande padà bọ̀ wá sílé, irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ni ó ń wà lórí wọn, sowei ni ó sì ń bá wọn wọ̀lú.