Ìdáhùn mi fún ìyá tí ẹ̀rù hydroxyurea ń bà

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bèèrè bóyá kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ hydroxyurea, oògùn àrùn sickle cell (SS) tí dókítà kọ fún un, nítorí pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún yín pé oògùn jẹjẹrẹ ni, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. SS ni ọmọkùnrin tèmi náà, ó ti di ọmọ ọdún 14 báyìí. Èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn nígbà tiwa, mo sì gbà á gbọ́ ju dókítà lọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi tọ́jú oògùn náà pamọ́ sínú agolo mílíìkì lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mò ń sọ fún wọn ní kílíníìkì pé ọmọ ń lò ó.

Lọ́jọ́ kan, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wò, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan tí wọ́n kọ MCV sí, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó, ó ní, “Màmá, oògùn yìí kò tíì dé ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí rárá.” Mi ò mọ̀ pé bí ọmọ bá ń lo hydroxyurea déédéé, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tóbi sí i, àti pé nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń lò ó yàtọ̀ sí ẹni tó ń purọ́. Ojú tì mí, mo sì jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó jókòó, ó ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ èrò kún ìta bámúbámú.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa kì í ṣe ti àìjẹun dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára ènìyàn kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ lára tiwọn, nítorí pé ó máa ń tẹ̀ bí dòjé, á gan, á sì fọ́. Ibi tó bá ti há sí lójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni egungun ti ń dùn wọ́n. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron) fún un láìjẹ́ pé àyẹ̀wò ló sọ bẹ́ẹ̀, áyọ́ọ̀nù tó ń wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí wọn lára ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Folic acid ni tiwọn.) Ní 1948, Dókítà Janet Watson ní Brooklyn kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ìkókó tó ní àrùn yìí kì í tètè tẹ̀ bí dòjé, ó sì rò pé irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti inú oyún ló ń dáàbò bò wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ìkókó yẹn ni hydroxyurea ń jí padà.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi tọ́jú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ní 1995, nígbà tí wọ́n dán an wò lára àgbàlagbà 299 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìrora tó ń dá wọn gúnlẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdajì, débi pé wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró. Nígbà tí wọ́n tún tọpa àwọn ènìyàn náà fún ọdún mẹ́sàn-án, ikú fi 40% dín kù láàárín àwọn tó lò ó.

Ohun tó fọkàn tèmi balẹ̀ jù ni ti Áfíríkà. Oògùn yìí lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, mo sì ń rò ó pé níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí báyìí, ibà á kàn gbé ọmọ lọ ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fún ọmọ 606 lóògùn yìí: ibà dín sí ìdajì, ikú sì já wálẹ̀ láti 3.6 sí 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ́dún. Wọ́n ti lò ó ní Kano àti Kaduna náà láti dènà àrùn rọpárọsẹ̀ lára àwọn ọmọdé.

Kì í ṣe oògùn tí a ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ká gbàgbé o. Lóṣooṣù ni a ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ wálẹ̀ jù, tí wọ́n ní ká dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Èékánná rẹ̀ ní ìlà dúdú títí di òní. Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú kápúsù náà, torí náà ìbọ̀wọ́ ni ẹ ó máa wọ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ pò ó. Bí ọmọkùnrin bá ti ń bàlágà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àtọ̀ rẹ̀, torí pé oògùn náà lè dín in kù.

Ìyá ọkọ mi mú àgbo orin àta wá, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀ ti yẹ egbò orin àta wò fún àrùn yìí láti nǹkan bí 1971, àwọn NIPRD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí oògùn ní Abuja, sì ti fi iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ṣe oògùn tí wọ́n pè ní Niprisan. Ṣùgbọ́n tiwọn ní ìwọ̀n. Ìgò tó wà nílé mi kò ní. Mo sọ ọ́ fún dókítà, ó ní ká má pa á pọ̀, mo sì gbà.

Ọmọ mi tó ń sùn sí ọsíbítù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lọ́dún ti lo ọdún méjì báyìí láìdùbúlẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà; nígbà tí owó wọ́n wa, tí a dá oògùn dúró fún oṣù méjì, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Bí ẹ bá ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò TCD tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ. Bí ó bá ti tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan (200 cm/s) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu rọpárọsẹ̀ ti sún mọ́lé. Kí ẹ sì ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ MCV rẹ̀ sí i nígbàkúùgbà tí èsì bá jáde. 79 ni ti ọmọ mi lọ́jọ́ tí àṣírí mi tú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóòótọ́, ó ti di 98.