Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Pọ́sù ẹranko dájà sílẹ̀, ṣé ẹyẹ ni àdán àbí eku?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra pọ́sù ẹranko, àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ téèyàn máa tò pọ̀, fún àwọn ọmọ mi, ègé 500 ni, wọ́n wá ya àdán sáàárín àwọn ẹyẹ lórí igi. Èyí ọkùnrin ní ẹyẹ ni, èyí obìnrin ní irọ́, eku tó ń fò ni, bàbá wọn náà bá dá sí i, ó ní kò ṣeku kò ṣẹyẹ. Wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa látàná. Ta ló jàre? – Màmá Ìbejì

Ìdáhùn: Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ká sòótọ́, bàbá wọn ló jàre jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Àdán kì í ṣe ẹyẹ, ó ń bímọ ni, kì í yé ẹyin, ó ń fọ́mọ lọ́mú, irun ló sì wà lára ẹ̀. Inú àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ló wà, níbi tí erin, ajá àti àwa èèyàn náà wà. Kì í ṣe eku náà ṣá, ẹbí tiẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, irú àdán tó wà láyé sì ju 1,400 lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo afọ́mọlọ́mú pátá ò ju bíi 6,500 lọ, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá ka márùn-ún nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ àdán.

Ẹ ní káwọn ọmọ wo ègé ibi tí apá ẹ̀ wà dáadáa. Ọwọ́ ni apá yẹn. Tí ẹni tó yà á bá mọṣẹ́, wọ́n máa rí ìka mẹ́rin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí awọ nà sáàárín wọn bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí, àtàǹpàkò kékeré wá yọ síta lókè bí ìkọ́. Ẹyẹ wo ló nírú ẹ̀? Àwọn àgbà tó ní àdán dorí kodò ó ń wòṣe ẹyẹ, ó jọ pé wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́.

Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó pè é lẹ́yẹ ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ọ̀mọ̀wé gan-an rí ẹranko tó rú u lójú. Lọ́dún 1799, George Shaw tó jẹ́ onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù gba awọ ẹranko kan tó ń jẹ́ platypus, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ọsirélíà, ẹnu bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, irun lára, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń ṣiyèméjì bóyá ẹnì kan ló rán an pọ̀. Ojúlówó ni o. Afọ́mọlọ́mú ni, síbẹ̀ ó ń yé ẹyin.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Pọ́sù ègé 1,000, síbírà mẹ́ta ló kún inú ẹ̀, dúdú funfun dúdú funfun, orí ti fẹ́ fọ́ mi. – Ojú Ti Rẹ̀ Mí

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kọ́kọ́ to etí ẹ̀ yí ká, kó o wá pa àwọ̀ tì, ìlà ni kó o máa wò. Ìlà ẹsẹ̀ síbírà tín-ín-rín, ó sì dùbúlẹ̀ yípo ẹsẹ̀, ti ọrùn dúró gbọọrọ, ó máa ń gùn wọnú irun ọrùn lọ tààrà, nínú irú síbírà tó wọ́pọ̀ jù, ti ìdí ló fẹ̀ jù. Kó ègé tín-ín-rín jọ, kó èyí tó fẹ̀ jọ, wàá rí i pé iṣẹ́ ti dínkù. Kò sí síbírà méjì tí ìlà wọn bára mu, ìyẹn làwọn onímọ̀ ṣe ń fi fótò dá wọn mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. O bi mí kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi ìlà ṣe? Ó ń da eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ láàmú, wọ́n wọ aṣọ abilà fún ẹṣin láti dán an wò, eṣinṣin tó ń bà lé e sì dínkù.

Ìbéèrè: Pọ́sù wo ni kí n rà táwọn ọmọ kíláàsì mi fi máa mọ gbogbo ẹranko ayé? – Tíṣà

Ìdáhùn: Tíṣà, kò sí. Kìnnìún, erin, àgùnfọn, ẹkùn, àwọn yẹn náà ni wọ́n ń tà ṣáá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Irú ẹranko tí wọ́n ti fún lórúkọ tó bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Tá a bá pín pọ́sù ègé 1,000 fún wọn bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ègé mẹ́rin sí márùn-ún péré ló máa kan gbogbo afọ́mọlọ́mú, àti erin àti àdán Màmá Ìbejì àti èmi àti ẹ̀yin. Ẹyẹ gba bíi méje. Àwọn kòkòrò ẹlẹ́yìn líle, àwọn ẹbí yímíyímí, ó ju 250 lọ, torí irú wọn tó bíi 400,000! Ta ló máa ra pọ́sù yímíyímí? Èmi máa rà á ṣá.

Ẹ̀kọ́ ni wọ́n tilẹ̀ torí ẹ̀ ṣe pọ́sù níbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1760 sí 1769, John Spilsbury tó ń ṣe máàpù ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ máàpù mọ́ pákó, ó fi ayùn gé e káwọn ọmọdé lè fi mọ orílẹ̀-èdè. Nítorí náà ẹ ra èyí tẹ́ ẹ bá rí, àmọ́ ẹ wo àwòrán ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Mo ti rí èyí tí béárì funfun àti pẹngúíìnì jọ dúró lórí yìnyín kan náà, bẹ́ẹ̀ òkè àríwá ayé lọ́hùn-ún ni béárì yẹn ń gbé, gúúsù ni ti pẹngúíìnì, wọn ò lè fojú kan ara wọn láéláé àfi nínú ọgbà ẹranko. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ bá rí, ẹ rà á, kẹ́ ẹ má sọ fún wọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tò ó tán, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n wá àṣìṣe ẹ̀ jáde.