Èsì: Ṣé kí n já gbogbo ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀?

Ẹ kú ìrònú. Ẹ ní ẹ ti ń ta tẹ́tẹ́ bíi tàwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má tíì já gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó fẹ́ jáwọ́, kí ẹ jọ jáwọ́.

Ní 1951, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ní kí àwọn èèyàn fi gígùn ìlà wéra, níbi tí àwọn yòókù, tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ṣáájú, ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Nǹkan bí 3 nínú 4 àwọn tó ń dán wò tẹ̀lé àṣìṣe wọn lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Tí ẹnì kan péré bá sọ òótọ́, ìtẹ̀lé yẹn ń já wálẹ̀ gidi.

Ìyẹn tó bá jẹ́ ojútì ló ń fà yín o. Tó bá jẹ́ pé àwọn ló ń yá yín lówó tẹ́tẹ́, ẹ yẹra fún wọn, kí ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n yín lónìí.