Èsì: Ṣé ti wèrè nìkan ni sàíkọ́lọ́jì?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ ka sàíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ sì ń bèèrè bóyá wèrè ló fẹ́ máa tọ́jú. Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé dókítà tó ń fún alárùn ọpọlọ lóògùn yàtọ̀ sí ẹni tó ka sàíkọ́lọ́jì, ìmọ̀ ìṣègùn ni dókítà yẹn kọ́kọ́ kà.

Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí èèyàn ṣe ń hùwà ni wọ́n ń kọ́ nínú sàíkọ́lọ́jì. Ẹ mú bírò búlúù, kí ẹ fi kọ "pupa" sórí ìwé, kí ẹ wá ní kí ọmọ yẹn dárúkọ àwọ̀ bírò, kó má ka ọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i tí ẹnu rẹ̀ á fà díẹ̀ kó tó dáhùn, torí ọ̀rọ̀ yẹn ń dí i lọ́wọ́. Ní 1935 ni onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan tó ń jẹ́ Stroop tẹ irú ìdánwò yìí jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì fi ń yẹ ìfọkànsí wò títí dòní. Awakọ̀ tó ń tẹ fóònù ní Mókọ́lá tí kò rí ọlọ́kadà níwájú (wọ́n pọ̀!), irú ìmọ̀ yìí ló ń ṣàlàyé ẹ̀.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀: ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbani síṣẹ́. Àmọ́ kó tó lè máa tọ́jú aláìsàn fúnra rẹ̀, dígírì àkọ́kọ́ ò tó o, á tún ka másítà. Ìṣirò náà sì pọ̀ nínú ẹ̀, wọn kì í sábà sọ ìyẹn fún ọmọ. Tó bá ń sá fún un, ẹ tètè wá olùkọ́ fún un kó tó wọlé.