Báwo ni ìdílé Takeda ṣe gòkè ní Japan, kí ló sì wó o lulẹ̀?

Ìdílé Takeda, àwọn jagunjagun sámúráì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Kai (Yamanashi òde òní), dé téńté agbára lábẹ́ Takeda Shingen, ó sì fọ́ mọ́ Katsuyori ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1582.

Ọdún 1541 ni Shingen lé Nobutora, bàbá tó bí i, kúrò lórí oyè. Ó gba ilẹ̀ Shinano mọ́ Kai, ó sì ṣẹ́gun Tokugawa Ieyasu, olórí ogun mìíràn, ní Mikatagahara níbẹ̀rẹ̀ 1573. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú.

Ojú ogun Nagashino, ní 1575, ni ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́. Oda Nobunaga, olórí ogun tó ń bá Ieyasu ṣe, àti Ieyasu fi igi ṣọgbà, àwọn oníbọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn Takeda ṣe ń rọ́ bọ̀ ni ọta ń gbé wọn ṣubú. Ọ̀pọ̀ àgbà ọ̀gágun tí Shingen fi sílẹ̀ ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àdánù yẹn ló sì burú jù. Nígbà tí Nobunaga tún gbógun dé ní 1582, àwọn ìbátan Katsuyori kan yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Katsuyori pa ara rẹ̀ ní òkè Tenmokuzan.

Gbogbo wọn kọ́ ló parun o: Ieyasu gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn sámúráì Takeda sínú ọmọ ogun tirẹ̀.